Kọ́ńkéré tó le bí òkúta, tí abẹ́ bákónì sì ń já wálẹ̀

ỌmọGbẹrẹfu | Ọjọ́ Ajé, aago 8:10 òwúrọ̀

Mo kí gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ilé alájà kan tí bàbá mi kọ́ sí òdìkejì ọ̀sà ní Badagry, ní erékùṣù Gbẹrẹfu, ni mo gbé wá síbí. Ilé náà kò tíì pé ọdún mọ́kànlá. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ègé kọ́ńkéré kan tó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ já bọ́ láti abẹ́ bákónì, orí àga tí ìyá mi máa ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́ ló sì bọ́ sí. Ọjà Agbálátà tí ìyá lọ lọ́jọ́ náà ló kó wọn yọ. Irin tó hàn síta níbi tí ègé náà ti ṣí ti dípẹtà, ó ń ṣí ní ìpele-ìpele bí èèpo igi.

Mo ránṣẹ́ pe bíríkìlà tó kọ́ ilé náà. Ó gun àkàbà, ó fi òòlù gbá kọ́ńkéré ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ó ń dún kan-kan, ó ní kọ́ńkéré náà le bí òkúta, kò sí ohun tó ṣe é, kí a ṣáà fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ojú ibi tó ṣí. Ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi. Bí kọ́ńkéré bá ti dì, tó ti gan tán, àwọn ìwà wo ló yẹ kí a bá lára rẹ̀, àwọn wo ni kò sì yẹ? Ṣé líle nìkan ni à ń wò ni?

BíríkìlàTópò | aago 9:02 òwúrọ̀

Ẹ kú ewu, ẹ sì kú orí ire. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gbèjà ẹni tó gun àkàbà yẹn díẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. A ó fi òòlù kan kọ́ńkéré. Bí ó bá dún kan-kan, ó ti gan, bí ó bá sì dún pò, inú rẹ̀ ti ya sọ́tọ̀ tàbí kí ó ní ihò bí afárá oyin. Líle ni olórí ìwà kọ́ńkéré, torí òun ló ń gbé ilé ró. Ohun tí mo tún máa ń wò lẹ́yìn ìyẹn ni pé kó má sán, kí ojú rẹ̀ sì tẹ́jú.

Ibi tí n kò ti bá a lọ ni ti rírẹ́. N kò tíì rí ibi tí a ti rẹ́ sìmẹ́ǹtì bo irin tó ti dípẹtà tí ó pẹ́ níbẹ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì mélòó ni wọ́n lò? Bí sìmẹ́ǹtì bá pọ̀ dáadáa, èmi ò mọ ohun tó lè wọ inú rẹ̀.

YàráÀyẹ̀wò | aago 11:45 òwúrọ̀

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ará, ẹ sì kú iṣẹ́ o, bàbá wa Tópò. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ohun ìkọ́lé ni mò ń ṣe, kíúbù kọ́ńkéré ni mo ń fọ́ lójoojúmọ́, nítorí náà kì í ṣe èmi ni yóò tàbùkù líle. Kíúbù tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 150, tí a pò dáadáa tí a sì fi sínú omi fún ọjọ́ 28, bí ó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní 25, yóò gba ẹrù tó tó tọ́ọ̀nù 57 lórí kó tó fọ́. Ẹrù tí ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni mo wí o. Bí ẹ bá fà á lọ́tùn-ún lósì bí ìgbà tí à ń fa okùn, ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára yẹn ni ó ní. Àìlera rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì fà á tí a fi ń fi irin sínú rẹ̀: kọ́ńkéré a gba títẹ̀, irin a gba fífà. Ohun tó jẹ́ kí àwọn méjèèjì lè jọ gbé ni pé bí oòrùn bá mú wọn, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń gbòòrò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí òòlù kò lè sọ fún yín. Kọ́ńkéré tuntun ní ìwà bí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Ìwọ̀n pH rẹ̀, èyí tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tàbí bí ó ṣe jọ omi eérú tó, ju 12 lọ. Nínú omi bẹ́ẹ̀, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ojú kò lè rí máa ń bo irin, ìpẹtà kì í sì í lè mú un. Nǹkan méjì ló ń ba awọ yìí jẹ́. Ọ̀kan ni afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí ń rọra wọ inú kọ́ńkéré láti òde, tí ó ń pa omi eérú náà kú. Èkejì ni iyọ̀, òun ló sì yára jù. Bí irin bá wá dípẹtà, ìpẹtà náà a máa gba àyè tó tó ìlọ́po méjì sí mẹ́fà irin tó jẹ. Kò sì sí àyè tó lè gbà á nínú kọ́ńkéré tó ti gan. Yóò ti í láti inú wá. Ìfà sì nìyẹn, ohun tí kọ́ńkéré kò lè gbà. Bí ègé àwo oúnjẹ ṣe ń já nìyẹn, tí kọ́ńkéré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa dún kan-kan lábẹ́ òòlù.

Nítorí náà, ní etí òkun, ìwà tí mo kà sí olórí ni pé kí kọ́ńkéré má jẹ́ kí omi rí ọ̀nà gbà kọjá. Líle tẹ̀ lé e.

ỌmọGbẹrẹfu, ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn mẹ́ta. Láti ojú kọ́ńkéré dé ibi tí irin wà, mílímítà mélòó ni? Omi wo ni wọ́n fi pò ó? Níbo ni wọ́n ti rí yanrìn? Kí ẹ tó dáhùn rárá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró lórí bákónì náà tàbí lábẹ́ rẹ̀.

ỌmọGbẹrẹfu | aago 1:30 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, Ẹnjiníà. A ti fi okùn dí ibẹ̀. Mo fi rúlà ọmọ mi wọ̀n ọ́n: mílímítà 9 ni lójú kan, 14 lójú kejì. Ní ibì kan tiẹ̀ wà tí irin náà fi ara kan ojú kọ́ńkéré gan-an, tó fi jẹ́ pé ọ̀rá tí wọ́n tẹ́ sórí pátákó nígbà náà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn.

Omi kànga ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n lò. A kì í mu omi kànga yẹn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí ó máa ń ní iyọ̀ lẹ́nu. Etí omi nítòsí ni wọ́n ti kó yanrìn, wọn kò sì fọ̀ ọ́. Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n da dẹ́kìn náà: ọmọkùnrin kan dúró ti ibi tí wọ́n ti ń pò ó pẹ̀lú garawa, bí ọ̀gá bá ti pariwo pé ó ti ki jù, á tún bu omi kún un.

AayọnBéńdà_Ibéreko | aago 2:15 ọ̀sán

Mo mọ̀ pé àwa tó ń tẹ irin ni ọ̀rọ̀ yóò já lé lórí, ẹ jẹ́ kí n ti sọ tèmi. Bísíkíìtì, ìyẹn ègé sìmẹ́ǹtì kéékèèké, la fi ń gbé irin sókè kúrò lórí pátákó, kì í ṣe òkúta wẹ́wẹ́. Ó yẹ kí a ti dà á sílẹ̀ ṣáájú, kí a ti fi wáyà sínú rẹ̀, kí ó ti gan kí a tó so ó mọ́ irin. Bí mo bá béèrè àpò sìmẹ́ǹtì kan péré fún bísíkíìtì, onílé á ní mo fẹ́ jalè. Bí mo bá sì tò ó tán, lébírà mẹ́wàá tó ru hẹ́dípáànù ni yóò gba orí irin náà kọjá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọn kò ní tẹ́ pákó tí wọn yóò máa tẹ̀. Ṣé èmi ni n ó wá dúró sábẹ́ láti fi ọwọ́ gbé irin sókè ni?

YàráÀyẹ̀wò | aago 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ yín tọ́, ẹ̀gbọ́n, mo ti rí i lójú ara mi lọ́pọ̀ ìgbà. Fún dẹ́kìn inú ilé ní ibi tí òkun kò sí nítòsí, mílímítà 25 tó láàárín irin àti ojú kọ́ńkéré. Ní ibi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́, 40 sí 50 ni à ń wá. Mẹ́sàn-án tí wọ́n bá yìí kò ju ìbú ọmọ ìka lọ.

Ṣùgbọ́n omi garawa yẹn ló dùn mí jù. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Bí a bá fi omi lítà 25 pò ó, ìdajì ìwúwo sìmẹ́ǹtì ni omi náà, ìyẹn 0.5. Sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ kò nílò tó bẹ́ẹ̀ láti gan. Ìyókù wà níbẹ̀ kí ó lè ṣeé pò, kí ó sì wọ ààyè. Omi tó ṣẹ́ kù yẹn kì í parẹ́ lásán. Ibi tó bá wà ni yóò di ihò tín-ín-rín lẹ́yìn tó bá ti jáde. Bí ìwọ̀n omi bá jẹ́ 0.45, ìwọ̀n ọjọ́ méje tí a bá fi omi rin ín tó kí sìmẹ́ǹtì tó ń gan dí àwọn ihò náà láàárín ara wọn. Bí ó bá di 0.6, ó di oṣù mẹ́fà, ta ló sì fẹ́ fi oṣù mẹ́fà rin dẹ́kìn? Bí ó bá kọjá 0.7, ìyẹn lítà 35 sí àpò kan, wọn kò ní dí láéláé. Ọ̀nà tí omi àti iyọ̀ ń gbà wọlé nìyẹn.

Ẹ má sì gbàgbé pé yanrìn ní omi nínú tẹ́lẹ̀. Ní ìpòpọ̀ ọ̀kan-méjì-mẹ́rin (sìmẹ́ǹtì ọ̀kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin), yanrìn tó wà fún àpò kan lé ní kílò 100. Bí òjò bá ti pa á, tó gba omi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, lítà márùn-ún ti wọlé kí ọmọkùnrin oní-garawa tó dé.

Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Duff Abrams ti fi ọ̀rọ̀ omi yìí hàn láti 1918: bí omi ṣe ń pọ̀ sí i lára sìmẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ ni agbára ń dín kù.

ỌmọAjárá | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:20 òwúrọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan rú mi lójú. Bí iyọ̀ bá ń ba kọ́ńkéré jẹ́, báwo ni èbúté tí àwọn ará Róòmù kọ́ sínú òkun ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn ṣe wà níbẹ̀ títí di òní?

YàráÀyẹ̀wò | aago 8:05 òwúrọ̀

Ìbéèrè tó dára ni. Wọn kò fi irin sínú rẹ̀. Eérú òkè ayọnáyèéfín tí wọ́n pò mọ́ ẹfun sísun ni sìmẹ́ǹtì tiwọn, nǹkan wúwo títóbi ni wọ́n sì fi ń kọ́, èyí tí títẹ̀ nìkan ń ṣẹlẹ̀ sí. Iyọ̀ kò rí irin jẹ níbẹ̀. Bí ẹ bá fi omi kànga Gbẹrẹfu pò kọ́ńkéré tí ẹ fẹ́ fi jókòó sábẹ́ igi, tí kò ní irin nínú, ó lè máa hu funfun lójú kí ó sì máa tutù nígbà òjò, ṣùgbọ́n kò ní já lé ẹnikẹ́ni lórí. Ìwà kan náà lè ṣe é fojú fò lára kọ́ńkéré kan kí ó sì jẹ́ ikú lára òmíràn. Ohun tí a fẹ́ fi kọ́ńkéré ṣe ló ń sọ ọ́.

BíríkìlàTópò | aago 9:30 òwúrọ̀

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu ọmọ wa yìí ni pé aláǹgbá iyọ̀ kò dúró de kí ògiri lanu, àwa fúnra wa la gbé e pò mọ́ sìmẹ́ǹtì. Mo gbà. N ó jẹ́wọ́ pé èmi náà ti pariwo "ẹ bu omi sí i" lọ́pọ̀ ìgbà, torí kọ́ńkéré tó ki máa ń dá lébírà lápá, ilẹ̀ a sì ti ṣú.

Àmọ́ ẹ kò tíì dá mi lóhùn lórí sìmẹ́ǹtì púpọ̀. Ṣé bí a bá fi àpò kan kún un, kò ní dí ihò wọ̀nyẹn ni?

YàráÀyẹ̀wò | aago 12:10 ọ̀sán

Bàbá, bí omi kò bá kún un, yóò ṣèrànwọ́ dé ààyè kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ìjàǹbá. Sìmẹ́ǹtì àti omi ló ń súnkì nínú kọ́ńkéré, òkúta kì í súnkì. Bí sìmẹ́ǹtì bá pọ̀ jù, ìsúnkì á pọ̀, ooru tó ń jáde nígbà tó ń gan náà á pọ̀, bíìmù tí ìdí rẹ̀ méjèèjì ti há sínú kọ́lọ́ọ̀mù kò sì ní rí ibi súnkì sí, yóò sán. Ojú tó sán, ẹ ti sọ ti aláǹgbá fúnra yín. Sísúnkì yìí àti rírọra tẹ̀ lábẹ́ ẹrù fún ọdún púpọ̀ jẹ́ ìwà tí kò sí kọ́ńkéré tí kò ní in. A kàn lè mú un kéré ni.

Irú sìmẹ́ǹtì tún ṣe pàtàkì ju iye àpò lọ. Ní 2014, SON, àjọ tó ń mójú tó ìlànà ọjà ní Nàìjíríà, ní kí a fi sìmẹ́ǹtì tí ìwọ̀n agbára rẹ̀ jẹ́ 32.5 sílẹ̀ fún rírẹ́ ilé, kí a máa fi 42.5 tó lágbára jù ú lọ ṣe búlọ́ọ̀kù, kọ́lọ́ọ̀mù, bíìmù àti dẹ́kìn. Ẹ máa wo ara àpò kí ẹ tó tú u.

Ẹ sì jọ̀ọ́, kí a yé sọ pé kí kọ́ńkéré "gbẹ". Kì í ṣe gbígbẹ ló ń mú un le. Sìmẹ́ǹtì àti omi ló ń para pọ̀ di nǹkan tuntun; ó lè gan lábẹ́ omi pátápátá. Bí oòrùn bá gba omi rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ náà dúró lójú kan, ojú rẹ̀ tó yẹ kó dáàbò bo irin ni yóò sì kọ́kọ́ rọ. Àpò ìdọ̀họ tí a rẹ sínú omi, tàbí ọ̀rá tí a tẹ́ bò ó, fún ọjọ́ méje ó kéré tán, kò wọ́n.

Onílé_Ijede | aago 1:00 ọ̀sán

Láti Ìkòròdú ni mo ti ń kà yín. Ohun tí mo kórìíra lára kọ́ńkéré ni ooru: dẹ́kìn mi á mu oòrùn láti òwúrọ̀, á sì máa bì í sínú yàrá títí di aago méjì òru. Ṣé ìyẹn náà wà nínú ìwà tí kò dára?

YàráÀyẹ̀wò | aago 1:25 ọ̀sán

Ó wà níbẹ̀, ìwúwo rẹ̀ ló sì fà á. Kílò 2,400 ni mítà kíúbù kan, tó fi jẹ́ pé dẹ́kìn tó nípọn mílímítà 150 ń gbé kílò 360 lé ìpìlẹ̀ lórí mítà kan níbùú lóròó, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ́ ẹní sórí rẹ̀. Lórí ilẹ̀ àbàtà, ẹrù ńlá ni. Ìwúwo yẹn kan náà ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn gbé e lọ, kì í sì í gbiná. Ẹ gbé òrùlé páànù lé e lórí, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba àárín wọn kọjá, ẹ ó sùn.

ỌmọGbẹrẹfu | Ọjọ́rú, aago 5:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbé ègé náà sínú ọkọ̀ ojú omi lónìí, mo gbé e wá bá Ẹnjiníà YàráÀyẹ̀wò ní Marina. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Wọ́n fi òòlù là á sí méjì, wọ́n gbọn ekuru rẹ̀ dànù, wọ́n sì fín oògùn kan tí kò láwọ̀ sí ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo ojú rẹ̀ ti di àwọ̀ pínńkì, àfi etí rẹ̀ lóde tí kò ju mílímítà mẹ́ta lọ. Pínńkì náà dé ìdí ojú ibi tí irin sùn sí, ìpẹtà sì wà lójú ibẹ̀ gan-an. Mo rò pé àwọ̀ náà ni àìsàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n fi sùúrù ka àlàyé wọn níbí.

YàráÀyẹ̀wò | aago 8:15 alẹ́

Phenolphthalein ni oògùn náà. Níbi tó bá ti di pínńkì, omi eérú ṣì wà láàyè níbẹ̀. Níbi tí kò bá ti yí àwọ̀ padà, afẹ́fẹ́ ti pa á. Mílímítà mẹ́ta péré ni afẹ́fẹ́ pa ní ọdún mọ́kànlá, irin sì wà ní mẹ́sàn-án. Afẹ́fẹ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ irin, síbẹ̀ irin ti jẹrà. Ó ku iyọ̀. Mo ti gbẹ́ lẹ́búlẹ́bú láti inú ègé náà, a ó wọn iyọ̀ inú rẹ̀ ní ilé àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n omi kànga àti yanrìn yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́rìí ara wọn tán.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí. Bí ó bá jẹ́ pé iyọ̀ ti òde wọlé díẹ̀ ni, à bá gé kọ́ńkéré tó bàjẹ́ kúrò títí dé ẹ̀yìn irin, à bá ha ìpẹtà tán, kí a fi irin tuntun gbè é, kí a sì dí i. Ṣùgbọ́n bí a bá ti pò iyọ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀, ojú tuntun tí a bá dí yóò lé ìpẹtà sí irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, lọ́dún kejì ẹ ó tún gun àkàbà. Bákónì tó yọ síta tí kò ní òpó níwájú sì tún yàtọ̀: irin tó gbé e ró gan-an, òkè ló wà, lábẹ́ táìlì, níbi tí ẹ kò lè rí. Èyí tó ń já lábẹ́ yìí, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lásán ni. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà fi igi gbè é lálẹ́ òní, kí a sì ṣí táìlì díẹ̀ ní ìdí ògiri láti wo irin òkè.

BíríkìlàTópò | aago 8:40 alẹ́

Káfíńtà mi ń gbé ní Tópò. N ó bá a sọ̀rọ̀, àwa méjèèjì yóò gba ọ̀sà wá lọ́la kí oòrùn tó mú. N kò ní gbowó òòjọ́.

ỌmọGbẹrẹfu | Ọjọ́ Ẹtì, aago 10:20 òwúrọ̀

Bàbá Tópò àti káfíńtà wọn wá lánàá, òpó igi mẹ́fà ti wà lábẹ́ bákónì báyìí, ìyá mi sì ti kó àga wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé. A ṣí táìlì mẹ́rin ní ìdí ògiri. Irin òkè tí wọ́n ra ní mílímítà 12, mo fi rúlà yẹn kan náà wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí Bàbá Tópò ti ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, ó ku 7. Ẹnjiníà ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí fóònù: ìdá kan nínú mẹ́ta irin náà ló kù. A ti gbà pé a ó wó bákónì náà kí òjò tó dé, omi òjò tí a bá gbè láti orí òrùlé ni a ó sì fi pò èyí tó ń bọ̀, bí a bá tilẹ̀ tún kọ́ ọ.